Ìwé Kékeré tí Benjamin Franklin Fi Ṣọ́ Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé: "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti babaláwo nìkan. Ó kan àgbẹ̀, ó kan aránṣọ, ó kan ẹni tó ń ta gàrí. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibì kan láyé ní láti máa dúró lóòrèkóòrè kí ó bi ara rẹ̀ pé: Níbo ni mo dé? Kí ló kù?

Lónìí a fẹ́ yẹ ìwé kan wò tí ọkùnrin kan kọ ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà. Ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ló kọ. Nínú ìtàn náà, ó ṣàlàyé bí ó ṣe fi ìwé kékeré kan ṣètò ọjọ́ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Àwọn kan ti yin ìwé náà púpọ̀. Àwọn mìíràn ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1923, D. H. Lawrence, òǹkọ̀wé ará Ìlú Òyìnbó, bínú sí i gidigidi, ó ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ń há ọkàn ènìyàn mọ́ inú ọgbà. Àwa kò fẹ́ yìn ín lásán, a kò sì fẹ́ bú u lásán. A fẹ́ tú u wò bí ẹni tó ń ra aṣọ lọ́jà ti ń na aṣọ sójú oòrùn. Kí a mọ ibi tó dára, kí a mọ ibi tó ti ya, kí a tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà ni. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, tí a kò sì fi ọwọ́ kan bíìkì mọ́, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ yóò fi gbàgbé. Ìmọ̀ ìwé dà bí ọ̀nà oko. Bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀ ẹ́, koríko á bò ó. Nítorí náà, ìbéèrè wa nìyí: Kí ni àgbàlagbà tó mọ ìwé lè máa kọ lójoojúmọ́ tí yóò ṣe é ní àǹfààní?

Ta ni Franklin?

Wọ́n bí Franklin ní ìlú Boston ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1706. Bàbá rẹ̀ ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ tà. Ọmọ pọ̀ nínú ilé náà, owó kò sì tó. Ọdún méjì péré ni Franklin lò ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún 12, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, James, kí ó kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ní 1723, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lọ sí Philadelphia pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ lápò. Níbẹ̀ ló ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ní 1748, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 42, ó ti lówó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ṣe ìwádìí lórí mànàmáná. Ó wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ara rẹ̀ ní 1771, nígbà tó wà ní Ìlú Òyìnbó. Ó pa á tì. Ó tún mú un ní 1784 ní Passy, lẹ́bàá Párís, níbi tó ti ń ṣe aṣojú ìlú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1790, ìwé náà kò sì parí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ apá kan rẹ̀ jáde, èdè Faransé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ní Párís, ní 1791.

Ohun tó wà nínú ìwé kékeré náà

Franklin kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa nígbà tó pinnu pé òun yóò tún ìwà òun ṣe. Ó kọ ìwà rere 12 sílẹ̀: kí a má jẹun tàbí mutí ní àjẹjù, kí a mọ ìgbà tó yẹ kí a dákẹ́, kí ohun gbogbo wà ní ètò, kí a mú ìpinnu wa ṣẹ, kí a má náwó ní ìnákúnàá, kí a má fi àkókò ṣòfò, kí a má tan ẹnikẹ́ni jẹ, kí a má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kí a má ṣe àṣejù, kí a jẹ́ onímọ̀ọ́tótó, kí ọkàn wa balẹ̀, kí a kó ara wa níjàánu nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sọ fún un pé onígbèéraga ni í. Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ kún un, ó di 13.

Ó fa ilà sínú ìwé kékeré. Ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ wà lókè, ìwà 13 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní alaalẹ́, ó ń wo ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tó bá ti ṣẹ̀, ó ń tọ́ àmì dúdú sí ojú ilà náà. Ṣùgbọ́n kò bá gbogbo ìwà 13 jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ìwà kan, kí ó tó bọ́ sí èkejì. Ó ní ẹni tó ń tu koríko nínú ọgbà kì í tu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ti ebè kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ 13 ló gbà láti yí i po. Lọ́dún kan, èèyàn lè yí i po lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ó tún kọ ètò ọjọ́ kan sílẹ̀. Aago 5 òwúrọ̀ ni jíjí. Lówùúrọ̀, ó ń bi ara rẹ̀ ní ohun rere tí òun yóò ṣe lọ́jọ́ náà. Aago 8 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán, ó ń jẹun, ó ń kàwé, ó ń yẹ ìṣirò owó rẹ̀ wò. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, ó ń kó ohun gbogbo sí àyè wọn. Kí ó tó sùn ní aago 10, ó ń bi ara rẹ̀ ní ohun rere tí òun ti ṣe.

Ibi tí ìwé náà ti dára

Èkíní, Franklin kò fi nǹkan tó ju agbára lọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ló mú wọn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, kí ó san gbèsè, kí ó tún ilé ṣe, kí ó sì kọ́ ìṣirò nínú oṣù kan náà, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kí oṣù náà tó parí ni.

Èkejì, ó mọ̀ pé ojú kì í gbàgbé ohun tí ó ń rí lójoojúmọ́. Àwa náà mọ ọgbọ́n yìí kí ìwé tó dé. Ṣé àwọn ìyá wa kò fi ẹ̀dú fa ilà sára ògiri láti fi ka gbèsè? Ẹ wo káàdì tí ẹni tó ń gba àjọ ń mú kiri ọjà. Ojú ilé 31 ló wà níbẹ̀. Bí a bá dá owó lónìí, yóò fi àmì sí ojú ilé kan. Bí ojú ilé kan bá ṣófo, gbogbo wa la rí i. Ìwé Franklin kò jìnnà sí káàdì àjọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwà ni Franklin ń dá, kì í ṣe owó, òun fúnra rẹ̀ sì ni alájọ.

Ẹ̀kẹta, apá kan wà nínú ìwé náà tí a rò pé ó wúlò fún wa ju ìwà 13 náà lọ. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Franklin fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ̀wé dáadáa. Kò ní olùkọ́. Ó rí ìwé ìròyìn kan tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù, The Spectator. Ó ka àròkọ kan nínú rẹ̀, ó kọ kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ní ṣókí, ó sì pa á tì fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ó tún àròkọ náà kọ láìwo ìwé. Ó fi ti ara rẹ̀ wé ti ìwé, ó sì ṣàtúnṣe sí ibi tó ti kùnà. Alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, òwúrọ̀ kùtù àti ọjọ́ Àìkú ló ń ṣe é. Ẹ wò ó, ọmọ iṣẹ́ tí kò lówó ni. Ìwé kan, gègé kan àti sùúrù ló ní. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè fi ìwé tó wà lọ́wọ́ wa yìí ṣe ohun kan náà lálẹ́ òní.

Ẹ̀kẹrin, Franklin kò purọ́ pé òun borí. Ó ní ètò ló nira fún òun jù. Títí òun fi darúgbó, òun kò lè kó ìwé òun sí àyè wọn. Ó pa ìtàn ọkùnrin kan tó ra àáké lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ọkùnrin náà fẹ́ kí gbogbo ara àáké náà máa dán bí ẹnu rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ gbà, bí oníbàárà bá lè máa yí òkúta ìpọ́nrin. Ó yí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Alágbẹ̀dẹ ní kí ó máa yí i lọ, nítorí àbàwọ́n ṣì kù lára rẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló wu òun. Franklin sọ èyí láti fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó ní bí òun kò tilẹ̀ dé ibi tí òun ń lọ, ìgbìyànjú náà sọ òun di ẹni tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òtítọ́ yìí ló mú kí a lè gbà á gbọ́.

Ibi tí ìwé náà ti ya

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a na aṣọ náà dáadáa.

Ẹ tún wo ètò ọjọ́ rẹ̀. Ta ló pọn omi? Ta ló dáná? Ta ló fọ aṣọ, ta ló gbé ọmọ tó ń sunkún? Kò sí ilà kan fún iṣẹ́ wọ̀nyí. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò sí. Ẹlòmíràn ló ń ṣe é. Franklin fúnra rẹ̀ yin Deborah, ìyàwó rẹ̀, nínú ìwé náà. Ó ní obìnrin náà ń ká ìwé, ó ń rán an, ó ń ṣọ́ ìsọ̀, ó ń ra àkísà tí wọ́n fi ń ṣe bébà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣètò ọjọ́, ọjọ́ tirẹ̀ nìkan ló tò.

Ọ̀rọ̀ náà tún wúwo ju èyí lọ. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, Franklin ní ẹrú nínú ilé rẹ̀, ènìyàn dúdú bíi tiwa. Ìwé ìròyìn tó ń tẹ̀ ń gba owó láti polówó ẹrú títà. Nígbà tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1757, òun àti ọmọ rẹ̀ mú ẹrú méjì dání, Peter àti King. King sá lọ ní Ìlú Òyìnbó. Òun náà ní ohun tó ń wá láyé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í léèrè lówùúrọ̀ ohun tó fẹ́ fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Ní àwọn ọdún náà gan-an, ọkọ̀ ń kó àwọn ènìyàn lọ ní etíkun tiwa, ní Ouidah àti ní Àjàṣẹ́. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí kò lè ka ìwà kẹjọ, pé kí a má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kí a sì fo èyí dá.

Kí a sọ òtítọ́ tó kù: Franklin yí padà. Ní 1787 ó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń bá òwò ẹrú jà ní Pennsylvania. Ní oṣù kejì ọdún 1790, oṣù méjì kí ó tó kú, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń tọ́ àmì dúdú fún oúnjẹ àjẹjù pẹ́ púpọ̀ kó tó rí ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ilé rẹ̀. Ìwé kékeré máa ń fi ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ hàn wá. Kì í fi ohun tí a kò kọ hàn wá. Ẹni tó bá ń wo ìwé rẹ̀ nìkan, tí kò béèrè lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ bí òun ṣe ń ṣe sí wọn, ìdajì ara rẹ̀ ló ń rí.

Àléébù mìíràn ni ti àmì dúdú náà. Àmì kò ní ẹnu. Ó ń sọ pé a kùnà, kò sọ ìdí rẹ̀. Bí ìyá kan kò bá rí owó àjọ dá lónìí torí pé ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Bí òjò kò bá rọ̀ tí àgbẹ̀ kò sì gbin àgbàdo, ṣé ọ̀lẹ ni? Ẹni tó bá ń tọ́ àmì dúdú sí ara rẹ̀ fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ìbànújẹ́ ni yóò mú un ju ìwé náà sínú iná.

Ti ìrẹ̀lẹ̀ ńkọ́? Franklin ní òun kò lè fọ́nnu pé òun ní ìrẹ̀lẹ̀ tòótọ́, pé ìrísí rẹ̀ ni òun rí kọ́. Ó jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ líle, ó ń sọ pé "ó jọ lójú mi báyìí". Àwọn ènìyàn sì túbọ̀ ń gbọ́ tirẹ̀ nínú ìpàdé. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn nìyẹn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ọmọ tí a kọ́ láti máa kúnlẹ̀ kí àgbà, orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ìkíni. Ọkàn rẹ̀ lè dé lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ọkàn kò bá dé láéláé, ojú ayé lásán ni. Ìwé lè ran ìwà lọ́wọ́, kò lè di ìwà.

Ohun tí a lè mú níbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ìyá kan ní Kétu fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ká ní owó rẹ̀ jẹ́ 60.000 fránkì. Bí ó bá kàn ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é", ọdún á máa gorí ọdún. Kí ó mú kàyé kan. Kò ní láti fi ọjọ́ méje ṣe òṣùwọ̀n bíi ti Franklin. Ọjà tiwa tó ń padà dé lọ́jọ́ karùn-ún karùn-ún, bí a ti ń kà á, ni kí ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ó bá ń ya 800 fránkì sọ́tọ̀ lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ọjà 75 ni yóò ná kí owó náà tó pé. Ìyẹn jẹ́ 300 ọjọ́. Nígbà náà ohun tó dà bí òkè ti di ìṣísẹ̀ 75.

Lálẹ́ ọjọ́ ọjà, kí ó kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: iye tó yà sọ́tọ̀, iye tó kù, àti gbólóhùn kan péré lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí kò bá rí owó yà, kí ó kọ ìdí rẹ̀: "Ọmọ ṣàìsàn." "Mo ta àwìn, wọn kò tíì san án." Gbólóhùn yìí ni Franklin kò ní, òun sì ni olùkọ́ tòótọ́. Lẹ́yìn ọjà mẹ́wàá, bí ó bá ka kàyé rẹ̀ tó rí i pé "àwìn" wà níbẹ̀ nígbà márùn-ún, ó ti mọ ihò tí owó rẹ̀ ń gbà jò. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un mọ́.

Láàárín ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà, kí ó máa kọ gbólóhùn kan lójúmọ́, ì báà ṣe lórí iṣẹ́ tàbí lórí ìwà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún un. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá fẹ́ kí ìyá ilé rí ìṣẹ́jú márùn-ún náà, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ ńlá fọ ìkòkò. Ilà tí Franklin kò fà sínú ètò ọjọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa fà á.

Ìdájọ́ wa

Ṣé ìwé Franklin dára? Ó dára fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń mú níbẹ̀. Kí a mú bí ó ṣe ń gbé nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a mú ìbéèrè òwúrọ̀ àti ti alẹ́. Kí a mú bí ó ṣe kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkọ. Kí a fi ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú àmì dúdú sílẹ̀. Kí a má sì ṣe ètò tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé e.

Kí a sì rántí pé ọkùnrin tó mọ ètò tó báyìí pète láti kọ ìwé ńlá kan lórí bí a ṣe ń ní ìwà rere, kò sì rí i kọ títí ó fi kú. Ìtàn ara rẹ̀ pàápàá, ó pa á tì fún ọdún 13 kí ó tó tún mú un. Ṣùgbọ́n ó tún mú un. Bí kàyé yín bá ti wà lórí àjà láti oṣù mélòó kan, ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ nù ún, ẹ ṣí ojú ewé tuntun, ẹ kọ ọjọ́ òní sókè rẹ̀. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.